Kọ̀ǹpútà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní àdúgbò Ali Kazaure ní Jos fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, ohun kan ṣoṣo ni Alàgbà Ojúọlápé, alága wọn, fi téèpù wọ̀n: kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí dúkìá ẹgbẹ́ ń gbé. Bí wọ́n ṣe ra èyí tí kò tóbi ju ìwé orin lọ nìyẹn. Wọ́n gbé e sáàárín ife ẹ̀yẹ méjì, wọ́n da léèsì bò ó, alága sì ti gíláàsì pa. Wáyà nìkan ló gba ẹ̀yìn jáde wá bá ojú kọ̀ǹpútà lórí tábìlì Màmá Fẹ́rànmí, akọ̀wé.

Ìwé ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ wá ṣòwò ní Jos ni Màmá ń tẹ̀, tòun ti fọ́tò wọn. Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé. Ìyá rẹ̀ wà nínú ìwé náà, kò sì síbòmíràn tí wọ́n ti kọ orúkọ obìnrin yẹn sílẹ̀ rí.

Lọ́jọ́rú, bí fọ́tò ṣe pé ogún, kọ̀ǹpútà dákú.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gíláàsì. Ooru ń pa á."

"Ooru wo? Ní Jos níbí, tí gbogbo wa wọ súwẹ́tà?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Timothy tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Ó ká léèsì kúrò. "Haba, Baba! Ẹ tún dáṣọ fún un?"

Ẹ̀rọ náà jí lóòótọ́, àmọ́ fọ́tò ṣì ń há a lọ́fun. Timothy tú u wò.

"Mẹ́mórì rẹ̀ kéré fún iṣẹ́ yìí."

"Fi kún un."

"Kò sáyè, Baba. Kó lè kéré báyìí, wọ́n ti jó mẹ́mórì mọ́ pátákó rẹ̀. Kì í ṣe pé kò dáa o. Kì í pariwo, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe rà á náà lẹ máa lò ó."

Ó lọ gbé òmíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù, àlòkù ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. "Mo yá yín títí ìwé yín á fi parí." Ó tú síkírù kan, ó ki mẹ́mórì bọ àyè tó ṣófo, ó kó iṣẹ́ Màmá sínú rẹ̀, gbogbo fọ́tò sì là gbàà.

Alága ti fa téèpù yọ. "Kò wọ kọ́bọ́ọ̀dù! Wọ́n á jí i gbé."

"Baba, èmi tí mo gbé e wá, ẹ̀yìn ń dùn mí. Olè wo ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ nìyí. A ó jókòó lé e lọ́jọ́ Sátidé."

Màmá mọ̀ pé ìwé kò lè dúró de Sátidé. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí alága. Fọ́tò bàbá tó bí alága ló wà níbẹ̀, tó dúró ti kẹ̀kẹ́ tó fi ń kiri abọ́ tánganran.

"Ṣé kí n yọ wọ́n, alága, kí ìwé lè fúyẹ́ fún ti inú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Alàgbà Ojúọlápé wo fọ́tò náà pẹ́. "Ẹ má yọ wọ́n."

"Ìyá tèmi ńkọ́?"

"Mo ní ẹ má yọ ẹnikẹ́ni!"

Ó fa àga wá, ó jókòó ti àlòkù náà bí ọlọ́dẹ báńkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Màmá tẹ orúkọ ìyá rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ní kí alága bá òun wò ó bóyá ó pé.

"Ó pé," ni alága wí. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó tóbi díẹ̀."