Ọrùn Adìẹ Tútù

"Ẹ dì í mú dáadáa, Bàbá."

Káfíńtà di ológbò rẹ̀ mú ní èjìká. Dókítà ẹran, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fi ìbòmú bojú, fi ìka méjì la ẹnu rẹ̀, ó sì tan iná wo ẹ̀yìn eyín.

"Kí ló ń jẹ nílé?"

"Ẹja gbígbẹ."

"Ẹja gbígbẹ kọ́ ló mú un sanra tó báyìí." Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ nǹkan funfun kan láàárín eyín. "Oúnjẹ rírọ̀ rèé. Ó ti dì mọ́ eyín rẹ̀ bí òkúta, ìdí eyín sì ti wú. Màá fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn, kí n lè ha á kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fún un ní ọrùn adìẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tútù, kó máa fi eyín fà á. Ìpanu ni o, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ má sè é, torí egungun tí a bá sè máa ń fọ́ ní ṣóńṣó. Kí ẹ sì fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ yín dáadáa."

"Tútù kẹ̀?"

"Bàbá, ta ló ń bá a se eku?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò bá a délé. Oúnjẹ rírọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é fún ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ikùn: ìrẹsì àti wàrà, tí ó ń rò títí kò fi ní kóró mọ́. Àwo máa ń padà wá ní mímọ́. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn. Síbẹ̀, obìnrin náà ń rù.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra adìẹ kan. Ó gé ọrùn rẹ̀, ó gbé e fún ológbò ní ẹ̀yìnkùlé. Ológbò gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀ ọ́, ó sì gba ọ̀nà yàrá ìyàwó lọ. Káfíńtà gbé e padà síta, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé àwo ìrẹsì wọlé. Tẹ́lẹ̀, á gbé e kalẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́. Lónìí, ó jókòó.

"Ológbò dà?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó wà níta. Jẹun, Ìyá Ìbejì."

"Mo ti yó."

"O ò tíì fọwọ́ kàn án."

Obìnrin náà ń wo ilẹ̀kùn. Ológbò ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Kí n kú? Nítorí kí ni?" Ó yíjú sí i. "Bàbá Ìbejì, oúnjẹ yín ni mi ò fẹ́. Ó dà bíi gọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń lẹ pákó."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ò dáná rí láyé yín. Ẹ ń jí ní ìdájí, ẹ ń rò ó títí apá fi ń ro yín. Kí n wá ní kò dùn?"

"Dókítà ilé ìwòsàn ló ní kí n máa ṣe é."

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni dókítà wí. Ẹ wà níbẹ̀. Ikùn ni wọ́n là, wọn ò yọ eyín mi."

Káfíńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí dókítà wí lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ó ti jókòó síwájú yàrá iṣẹ́ abẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì fẹ́ jókòó síbẹ̀ mọ́.

"Tí ó bá há ẹ lọ́fun ńkọ́?"

"Ẹ gbá mi lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń wá àyè."

Káfíńtà dìde, ó gbé ìrẹsì náà kúrò. Ó fọ ọ̀bẹ, ó tún un fọ̀. Ó se itan adìẹ jinná, ó fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó gbé e dé, ó fẹ́ máa ya á wẹ́wẹ́.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó fi sílẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rún un. Níta, ológbò ti dákẹ́.

Nígbà tó gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, egungun itan nìkan ló kù. Orí egungun náà ti fọ́, kò sì sí mùdùnmúdùn nínú rẹ̀.