Ẹyin Kejìlá

Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Èmi ni mo mọ ohun tójú mi rí nínú balùwẹ̀ wa lọ́sàn-án gangan.

Màmá mi sin adìẹ débi pé bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, adìẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Lọ́jọ́ kan inú bí mi. Mo ní, "Ẹ lọ bá adìẹ yín gbé, kí wọ́n máa pè yín ní màmá!" Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Màmá sùn tí wọn ò jí. Kò pẹ́ sígbà náà, àrùn kó gbogbo adìẹ wọn lọ. Ẹyin méjìlá ló kù, èèpo wọn dúdú bí ṣúgà tó jóná. Mo búra pé, ó kéré tán, ọ̀kan á yè, kí n lè rójú tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá.

Aránṣọ ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa adìẹ? Mo so gílóòbù sínú páálí fóòmù, gílóòbù ló ń bá wa sàba. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ ni mo fi kọ nọ́ńbà sára wọn. Màá wọ balùwẹ̀, màá faṣọ dí fèrèsé, màá gbé ẹyin lé ẹnu tọ́ọ̀ṣì wò bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀. Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ èèpo burúkú yẹn. Màá tẹjú mọ́ ọn títí omi á fi bọ́ lójú mi. Mọ́kànlá já sí òfo. Mo ń dà wọ́n nù, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ó ku ẹyọ kan. Ọjọ́ kọkànlélógún tó yẹ kó pa ti kọjá. Ọjọ́ kẹtàlélógún la wà. Àbúrò mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ dí imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sọnù. Ó ti dọ̀bu. Bó bá bú, àwa méjèèjì la máa sá kúrò nílé yìí."

"Imú ẹ ni kó bú! Kúrò lọ́dọ̀ mi, jàre."

Ó pòṣé, ó lọ jókòó sí pálọ̀.

Mo tilẹ̀kùn, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹyin náà dúdú kirikiri, ó sì wúwo ju ti àná lọ. Ẹ̀rù bà mí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí eléyìí yè. Ẹ má bínú sí mi mọ́."

Kó, kó, kó.

Bí Màmá ṣe máa ń kanlẹ̀kùn yàrá ìránṣọ mi gan-an nìyẹn. Ogún ọdún ni mo fi ń dá wọn lóhùn láìgbójú sókè lórí máṣíìnì. Ẹnu mi ò dúró gbàṣẹ.

"Ẹ wọlé, mà!"

Ó ti bọ́ kí n tó rántí pé inú ẹyin ni wọ́n ti kàn án. Yéè! Ọmọ tó ń kànkùn nínú èèpo, ṣebí jíjáde ló fẹ́ jáde. Èmi wá ní kó wọlé.

"Ẹ jáde! Mo ní ẹ jáde!"

Kò dún mọ́. Ẹyin náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìwé. Mo tún gbé e lé tọ́ọ̀ṣì. Iná gbà á já, ó pọ́n yòò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èèpo ò sì sán rárá. Òórùn káfúrà tí Màmá fi ń tọ́jú aṣọ kọjá nímú mi, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Mo gbọ́ tí àga dún ní pálọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n." Àbúrò mi ló ń pè mí. "Ta lẹ ní kó wọlé? Màmá ti jókòó sórí àga wọn. Wọ́n ní adìẹ àwọn dà?"