Ọ̀rọ̀ Tó Bá Ọkọ̀ Ojú Irin Wá

"Pa á rẹ́," ni Vruyr wí, ó sì fi bírò pupa fàlà sórí ọ̀rọ̀ náà. "Domik kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa."

Satenik, tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí ìwé atúmọ̀-èdè, kò jókòó. "Ọ̀gá, kí làwa ará ìlú Gyumri fẹ́ máa pè é?"

"Ẹ máa pè é ní tnak. Ṣebí ilé kékeré náà ni? Àwọn ará Rọ́ṣíà ló ni dom, ilé. Wọ́n wá fi ik sí i nídìí láti fi kẹ́ ẹ, bí ẹni ń bọ́mọdé sọ̀rọ̀. Kí la fẹ́ fi yá irú ẹ̀?"

"A ò yá a. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá, òun àtàwọn àpótí onírin tí wọ́n ní ká máa gbé, lọ́dún tí ilẹ̀ mì, tí ilé wó pa bàbá mi. Tnak lèèyàn ń kọ́ sínú ọgbà àjàrà. Ta ló kọ́ domik? Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ fún wa ni, wọ́n ní fún ọdún méjì péré ni."

Ọmọ Yerevan, olú ìlú, níbi tí ilé ò ti wó, ni Vruyr. Ilé olókùúta tí wọ́n bí i sí ló ṣì ń gbé. Ẹni tọ́ràn kàn ló ń mọ̀ ọ́n.

"Ó dáa, má bínú. Fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ta ló tún ń gbé domik lóde òní?"

Inú bí Satenik. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí ọ̀gá lè gbọ́.

"Màámi, ọ̀gá mi ní kò sẹ́ni tó ń gbé domik mọ́."

"Àbí kí ló wí?" ni ìyá náà ké. "Kí ló wá ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi láti àárọ̀? Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀mọ̀wé! Inú ẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ yìí, inú ẹ̀ náà leyín mi ká sí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ọ̀rọ̀ ẹ̀ rẹ́, ẹ pa á rẹ́, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá gbé páànù tó ti dípẹtà yìí kúrò lórí mi ná!"

Vruyr yíjú sójú fèrèsé.

"Satenik, ṣó o ti jẹun?" ni ìyá rẹ̀ bi í láti inú fóònù.

"Mo ti jẹun, màámi." Irọ́ ni.

Ó fa ìwé náà mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé: láti inú èdè Rọ́ṣíà, ilé kékeré. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé: wọ́n ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ó wá ti bírò pupa náà síwájú Vruyr.

"Ó yá, ọ̀gá. Ẹ pa á rẹ́."

Ibẹ̀ ni bírò náà wà títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́.