Ṣíbí Mẹ́rìnlá Lórí Tábìlì Bàbá

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Bàbá wa kò fi bá wa jókòó jẹun. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, inú yàrá ló ń jẹun sí, á sì ti ilẹ̀kùn. Ní Tandil, ìlú tiwa, ọwọ́ òsì ní ń mú fọ́ọ̀kì, ọwọ́ ọ̀tún ní ń mú ọ̀bẹ. Ẹni tí kò bá lè mú ọ̀bẹ mọ́, àfi kí wọ́n máa bá a gé ẹran bí ọmọ kékeré. Bàbá tó fi ogójì ọdún sun ẹran Sọ́ńdè fún gbogbo ẹbí ní ikú yá ju ẹ̀sín, pé wọn ò ní bá òun gé ẹran lójú àna òun.

Evaristo, ọkọ Zulema ẹ̀gbọ́n mi, ni àna yẹn. Èèyàn dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Nígbà tí ọjọ́ ìbí Bàbá, tó máa pé àádọ́rin ọdún, ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń pọ́n ọ̀bẹ, ó gbà pé òun ni iná kàn. Mo ní èmi ni mo máa sun ẹran náà.

"Ìwọ, Nélida? Obìnrin wo ló ti sun ẹran nílé yìí rí? Lọ gé ewébẹ̀ jàre!"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gé ewébẹ̀, Bùọ̀dá. Ọwọ́ yín ti mọ́ jù fún èéfín."

"Ó dáa. Ká wo ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó sun ẹran kì í jókòó títí ẹran á fi dé iwájú gbogbo èèyàn. Ẹnì kan á wá ké pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, gbogbo tábìlì á sì pa á. Ẹni tí wọn kò pàtẹ́wọ́ fún, kó má tún súnmọ́ iná mọ́.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá.

"Bàbá, èmi ni mo fẹ́ sun ẹran ọjọ́ ìbí yín ní Sọ́ńdè. Ẹ máa jókòó sí àyè yín."

"Mi ò jókòó síbì kankan."

"Tójú bá tì yín níbẹ̀, ẹ dìde, ẹ máa lọ. Mi ò tún ní bẹ̀ yín mọ́ láé."

Ó wá ní, "Má kánjú iná o."

Aago méje àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo dá iná. Mo fi iyọ̀ nìkan pa ẹran ìhà màlúù, mo tẹ́ ẹ sórí irin, mo ń wa ẹ̀yín iná sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Evaristo gbé ife wáìnì dé, ó mú igi, ó fẹ́ ti iná wọ abẹ́ ẹran. Lọ́dọ̀ wa, ó sàn kéèyàn bú ìyá ẹni tó ń sun ẹran ju kó fọwọ́ kan iná rẹ̀ lọ. Mo fi ẹ̀mú gbá ọwọ́ rẹ̀.

"Háà! O lù mí!"

"Ọwọ́ tó wọ iná oníná ni mo lù."

"Ẹran yìí ò ní jinná títí dọ̀la! Iná ẹ ò ju ti àbẹ́là lọ!"

"Onísùúrù ní ń fún wàrà kìnnìún, Bùọ̀dá. Ẹ lọ mu wáìnì yín."

Lẹ́yìn náà ni mo wọlé. Mo kó gbogbo ọ̀bẹ ilé, mo tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo kó fọ́ọ̀kì náà mọ́ ọn. Èèyàn mẹ́rìnlá la jẹ́, mo fi ṣíbí mẹ́rìnlá sórí tábìlì.

"Nélida, ṣé orí ẹ pé?" ni Zulema wí. "Ṣé ọbẹ̀ lo sè ni?"

Bí ẹran yẹn bá le pẹ́nrẹ́n, mo ti dójú ti Bàbá lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kò sì ní jáde nínú yàrá yẹn mọ́.

Bàbá jáde ní ọ̀sán, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Bàbá tó kọ́ wa láti kékeré pé ọwọ́ tí a kò bá rí lórí tábìlì, ọwọ́ olè ni! Ó dùn mí dọ́kàn. Ó wá rí ṣíbí iwájú rẹ̀. Ó wo iwájú Zulema, ó wo iwájú àwọn ọmọ, ó wò mí.

Mo bu ẹran fún un ṣáájú, mo bu fún àwọn yòókù.

Evaristo gbé ṣíbí sókè. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹran màlúù la fẹ́ fi ṣíbí jẹ lónìí o! Tó bá dọ̀la, a ó fi fọ́ọ̀kì mu wáìnì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rín in. Ó fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí, ó tẹ etí ṣíbí náà mọ́ ẹran. Ẹran là sí méjì, ṣíbí kan àwo. Ó fi í sẹ́nu, ó di ojú. Ó tún gé òmíràn fúnra rẹ̀.

Evaristo náà tẹ ṣíbí tirẹ̀. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Ó jẹ ti àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì, kò sọ nǹkan kan. Zulema ní látìgbà tóun ti fẹ́ ẹ, òun ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo dúró síbẹ̀ tèmi tèéfín. Ẹni tó sun ẹran kì í tọrọ àtẹ́wọ́. Gbogbo wọn ń wo Evaristo, Evaristo ń wo àwo.

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún jáde lábẹ́ tábìlì, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ tábìlì lójú gbogbo wọn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè. Ó wá ń fi ọwọ́ òsì gbá a. Pà. Pà. Pà.

"Kí lẹ̀ ń wò mí sí?" ni Bàbá wí. "Ṣé ọwọ́ kan lẹ̀yin náà ní ni?"

Evaristo ló kọ́kọ́ dìde, ó ń pàtẹ́wọ́.