Orúkọ Tí Ìbídùnní Fi Ra Ilé

Wọ́n ti gbé orúkọ Ìbídùnní sórí ìwọ̀n kó tó dé báńkì. Ó bá a níbẹ̀, ó ká jọ bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n sun, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan tó wọ súẹ́tà sì ń fi ìka tì í kiri. Ìwọ̀n náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò wúwo."

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ìbídùnní dá a lóhùn. Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹni tó bá bá ni sọ̀rọ̀, à á kí i ni, ìbáà ṣe irin.

Owó ilé ló bá wá: kí báńkì bá a ra ilé oníyàrá méjì kan, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ títí orí ẹ̀ á fi hewú. Torí ìyá ẹ̀ ló ṣe ń wá a. Ilé onílé ni màmá náà kú sí, onílé wo ló sì máa gbà kí ayálégbé sin òkú sí àgbàlá òun? Itẹ́ òkú ìjọba ni wọ́n gbé e lọ, sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùnní wọ egungun. Ṣùgbọ́n níbi tó jókòó sí yìí, kò dùn ún mọ́. Ó kàn ń wo ìwọ̀n ni.

Ìyá náà dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ká ẹní ẹ̀ sábẹ́ abíyá, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà létí ẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti dá ẹ lóhùn?"

"Wọn ò tíì dá mi lóhùn, mà."

"Tètè o. Àwọn tí mo sùn tì yẹn, aláriwo ni wọ́n."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà la orúkọ náà wò bí wọ́n ṣe ń la obì tí kòkòrò wọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló wà nínú ẹ̀, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ìbídùnní mọ̀ ọ́n. Àkànjí, àbúrò ẹ̀, ló yáwó ra kẹ̀kẹ́ náà, Ìbídùnní ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀. Ọmọ ìyá ẹni á ní kéèyàn dúró fún òun, èèyàn á wá ní rárá? Àkànjí ò san kọ́bọ̀. Ó wa kẹ̀kẹ́ lọ, ó di àwátì.

"Èmi ni mo ní kó dúró fún un," ni ìyá wí.

"Ohun tá a lè ṣe, mà," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "ni kẹ́ ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí ò lórúkọ ò jẹ gbèsè. Ṣé ẹ lóríkì?"

"Àwẹ̀ró."

"Ẹ kó ìyẹn náà mọ́ ọn."

Ó kó o mọ́ ọn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ rere ni wọ́n ní ó sàn ju wúrà lọ. Ta ló sọ nǹkan kan nípa èyí tó ti bàjẹ́? Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Báńkì di ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ di àgbàlá, ilé náà sì wà níbẹ̀, páànù ẹ̀ ń dán. Ìyá ẹ̀ ti wọlé ṣáájú. Ó ti fi irin dábùú ilẹ̀kùn látinú, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé ẹ̀ nítorí olè. Kọ́kọ́rọ́ ò ran irin náà.

Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nì yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Gbogbo ayé ló ń jẹ́ èmi. Ìwọ ta ni?"

Ó la ẹnu. Ó wá orúkọ lábẹ́ ahọ́n, ó wá a lọ́nà ọ̀fun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ìyá ẹ̀ wí, ohùn ẹ̀ tutù. "Mi ò lè ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ọmọ mi ni mò ń dúró dè. Òun ló nilé."