Ìkejì Ọmọ

“Jemilat, kí lo dúró ní ẹnu géètì fún? Gbé e wá!”

Àlájà Àlímọ̀t, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, gba ọ̀rá dúdú ọwọ́ rẹ̀. Ibi ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ọmọ tuntun tó wà láyà ìyá rẹ̀.

Òwúrọ̀ yẹn ni Jemilat bí i, láìpé oṣù. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé tí wọ́n háyà ní Lafiaji, tí Salahudeen ọkọ rẹ̀ sì ti wáṣẹ́ lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmàgbò ló ń fi oyún sùn. Òjò ń pa á, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Ibà ló bá a débi ìrọbí.

Bẹ́ẹ̀dì kò sí ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọmọ yìí kéré gan-an. Òtútù ò gbọdọ̀ mú un. Ẹ má sì jẹ́ kí eruku kan ìdodo rẹ̀.”

Ló bá fi ẹkún pe Àlájà. Àlájà ní, “Ṣebí tiwa ni? Gbé e wá sílé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò gbọdọ̀ sùn síta.” Inú Jemilat dùn débi pé ó gbàgbé ìrora.

Haleem, ọmọ Àlájà, fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sin ibi ọmọ, Àlájà sì ṣàdúà.

“Yàrá wo ni ká wọ̀, mà?”

“Yàrá kẹ̀? Àyálégbé ló kún gbogbo rẹ̀.”

“Pálọ̀ ńkọ́?”

“Ibẹ̀ la ti ń gbàlejò.”

“Ẹ ní kí n gbé e wálé, mà. Ẹ ní kò gbọdọ̀ sùn síta.”

“Ìkejì ọmọ ni mò ń wí! Ṣé a ó da ìyẹn sórí ààtàn ni? Ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹjọ, ká sọ ọ́ lórúkọ.”

Irú ìwà wo nìyí! Jemilat fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ti tutù. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó ṣí bùbá, ó sì gbé ọmọ mọ́ àyà.

“Dìde ńbẹ̀! Haleem, mú un jáde.”

“Ẹ kọ́kọ́ hú ìyẹn jáde ná, mà,” ni Jemilat wí, ó nàka sí ẹ̀bá ògiri. “Tí ẹ bá ti hú u, a ó lọ.”

Haleem wo ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.