Kíláàsì Ọwọ́-Kọ́kọ́

Ẹ̀rín tí Tíṣà Ọwọ́-Kọ́kọ́ rín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn ará ìlú kejì gbọ́ ọ, wọ́n ní òjò ló fẹ́ rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: ọwọ́ kọ́kọ́, ẹnu tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dárúkọ àìsàn ẹ́ńjìnnì kó tó fọwọ́ kàn án, á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí irùngbọ̀n á fi hù ú.

Àmọ́ ẹ̀rù ló wà nídìí ẹ̀rín náà. Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Tó bá ní kíláàsì obìnrin kò wúlò, wọn á tì í pa, kálukú á sì gbalé lọ: ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún, àlejò tó ń fi èdè mẹ́ta bú ẹ́ńjìnnì, àti Ọlọ́wọ́-Idán, ọmọbìnrin adití tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn rí láyé, tí gbogbo wọn ń fọwọ́ bá sọ̀rọ̀.

Alábẹ̀wò dé. Ikùn rẹ̀ ti jókòó kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

"Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ká ríran," ló wí.

Ìyá àgbà fa okùn. Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ bí ẹni tó gbé odindi àgbọn mì, ó gbọ̀n, ó kú.

Ni ọ̀gá kíláàsì ọkùnrin bá sáré dé láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dẹtí. "Mo ti gbọ́ ọ! Pulọ́ọ̀gì ni!" Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kú. "Kabúrétọ̀ ni!" Ó tú u palẹ̀, ó tún un tò. Ẹ̀rọ náà tún kú.

"Ọ̀gá," ni Tíṣà wí, "etí yín yìí, ẹ bá wa fi gbọ́ tìyàwó yín nílé."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ jàre!"

Alábẹ̀wò ti yọ bírò. Ọkàn Tíṣà fò sókè, ó fẹ́ẹ̀ kan òrùlé. Kò mọ ìgbà tó pariwo: "Wáyà ni!"

Ọlọ́wọ́-Idán ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó wò ó tìyanu-tìyanu, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: ọwọ́ kọ́kọ́! Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà, ó fọwọ́ júwe pé kí ìyá àgbà tún fa okùn. Kí ẹ̀rọ náà tó kú, ìka ọmọbìnrin náà ti rìn dé ìdí páìpù epo, níbi tó ti ń jó ijó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Páìpù náà ti tú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fà dípò epo. Sípánà, ìyí méjì péré.

Jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù! Iná tàn, oòrùn gan-an tijú.

"Kí ló ṣe é?" ni alábẹ̀wò pariwo.

"Ẹ fọwọ́ kàn án ná!" ni Tíṣà dá a lóhùn.

Ó fọwọ́ kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọ̀wé: kí wọ́n tún ṣí kíláàsì obìnrin kan sí i.

Tíṣà ń fò bí ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ẹnì kan fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Ọlọ́wọ́-Idán ni, pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Tíṣà fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ wò, ó gba ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn.